Fíìmù olórin níta gbangba: ìgbà wo ló yẹ ká tàn án?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ fi Marley, fíìmù ọdún 2012 nípa Bob Marley, han àwọn èèyàn níta gbangba, ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kánjú, tí oòrùn ò bá tíì wọ̀ tán, ojú àwòrán á kàn funfun báláú ni, ẹ ò ní rí dàdá orí Bob gan-an. Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì o, ẹ wá àga tó rọni lọ́rùn.

Àmọ́ sáúǹdì ló ká mi lára jù, torí orin lẹ wá gbọ́, ẹ gbé sípíkà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tẹ́ ẹ máa tan fíìmù sí, kẹ́ ẹ wá lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ orin ń já geere. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni fíìmù náà, DVD tẹ́ ẹ rà, wíwò nínú ilé nìkan ló wà fún.