Ọta ń la ògiri kọjá nínú géèmù mi: ṣé kí n mú ògiri nípọn sí i ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ṣe géèmù ọkọ̀ ogun kan tá à ń wò látòkè, táìlì, ìyẹn àwọn àpótí àwòrán kéékèèké, ni mo fi to máàpù rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi kò níṣòro, àmọ́ lórí fóònù àbúrò mi, ọta máa ń la ògiri kọjá nígbà míì. Èkejì, mo fẹ́ kí odò dá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ odò di ohun líle báyìí, ọta náà kò kọjá lórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kóòdù ní kí n mú ògiri nípọn sí i, kí n pa odò rẹ́ kúrò lára ohun líle, kí n wá fi ògiri tójú kò rí yí etí rẹ̀ ká. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Má ṣe èyíkéyìí níbẹ̀.

Kì í ṣe ìwọ nìkan lò ń béèrè, àbúrò. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í kà, mo sì ti mọ ibi tó ti ń wá: ẹnì kan ti sọ fún yín pé ògiri ló ń dá nǹkan dúró. Ògiri kì í dá nǹkan kan dúró nínú géèmù. Àwòrán ni. Nọ́ńbà lásán ló wà lábẹ́ àwòrán yẹn, tá a tò sínú tábìlì: 0 fún ilẹ̀, 1 fún bíríkì, 2 fún odò. Ẹni tó ń rìn ló gbọ́dọ̀ béèrè kó tó gbẹ́sẹ̀ pé, "Ṣé mo lè wọ ibí yìí?" Bí kò bá béèrè, tàbí tó béèrè níbi tí kò yẹ, á gba inú ògiri kọjá bí iwin.

Ọ̀rọ̀ "ohun líle" yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí, torí òun ló bí ìṣòro odò rẹ.

Wo Battle City, tí iléeṣẹ́ Namco ṣe fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, lọ́dún 1985. Ẹni tó bá gbá páàdì nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì á rántí rẹ̀: idì kan wà nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ọ̀tá ń bọ̀ látòkè, ìwọ lo máa dáàbò bo idì náà. Pápá ogun yẹn jẹ́ àpótí 13 ní ìbú àti 13 ní òró, àpótí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ pixel 16 (pixel ni ẹyọ àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán). Bíríkì ń dá ọkọ̀ dúró, ó ń dá ọta dúró, ṣùgbọ́n ọta ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Irin ń dá àwọn méjèèjì dúró, kò sì sóhun tó ń ṣe é àfìgbà tó o bá ti kó ìràwọ̀ mẹ́ta. Odò ń dá ọkọ̀ dúró, ọta sì ń fò kọjá lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Igbó kò dá ẹnikẹ́ni dúró, ó kàn ń fi ọkọ̀ pa mọ́ ni. Yìnyín kò dá ẹnikẹ́ni dúró bákan náà, àmọ́ ọkọ̀ máa ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ó yá, nínú márààrún, èwo ni "líle"? Odò le lójú ọkọ̀, kò le lójú ọta. Igbó le lójú ẹni tó ń wá ọ, kò le lójú ẹsẹ̀ rẹ. Àwọn Namco ò gbé ògiri kankan pa mọ́ sétí odò. Ohun tí wọ́n mọ̀, tí ọ̀gá rẹ kò tíì mọ̀, ni pé ìbéèrè ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìbéèrè ọta, kí táìlì kọ̀ọ̀kan sì ní ìdáhùn tirẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí, nọ́ńbà wọ̀nyí sì yàtọ̀ sí ti inú tábìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo fi 1 dúró fún "ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀", 2 fún "ọta kò gbọdọ̀ kọjá", 4 fún "ojú kò ríran kọjá", 8 fún "ó ṣeé fọ́". Èyí tó bá kan táìlì kan ni mo máa ń rò pọ̀: bíríkì á wá jẹ́ 15, irin 7, odò 1, igbó 4. Yìnyín, fún un ní 16 tirẹ̀ fún yíyọ̀. Mo ń lọ́po méjì bẹ́ẹ̀ kí àpapọ̀ kan má baà ní ìtumọ̀ méjì. Bí ọta bá dé ojú odò, á béèrè 2. Odò kò ní 2, ọta á kọjá. Ọkọ̀ dé ibẹ̀, ó béèrè 1. Odò ní in, ọkọ̀ á dúró. Ó tán. Bó o bá fi ògiri tójú kò rí sí etí odò, lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fi afárá sí i, wàá gbàgbé ọ̀kan síbì kan, wàá wá fi gbogbo òru wá a. Bó bá jẹ́ Godot (ẹ̀rọ ìṣe-géèmù) tàbí Tiled (irinṣẹ́ ìto máàpù) lò ń lò, àyè wà níbẹ̀ láti kọ irú nọ́ńbà yìí sára táìlì; má wulẹ̀ tún un dá.

Ó ku fóònù àbúrò rẹ. Ọta kì í rìn nínú géèmù, fífò ló ń fò. Jẹ́ ká ní ọta rẹ ń sáré 1,200 pixel ní ìṣẹ́jú àáyá kan, táìlì rẹ sì jẹ́ pixel 32. Kọ̀ǹpútà rẹ ń ya férémù 60, ìyẹn àwòrán 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà pixel 20 ni ọta ń fò lẹ́ẹ̀kan. Kò lè fo táìlì kan dá. Bí fóònù bá rẹlẹ̀ dé férémù 20, fífò kan di pixel 60. Ọta wà níwájú ògiri ní férémù yìí, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sígbà kankan tó wà nínú ògiri, ta ló máa wá mú un?

Bó o bá mú ògiri nípọn dé táìlì méjì, á di pixel 64, á sì mú ọta tó ń fo pixel 60 yẹn. Inú ọ̀gá rẹ á dùn. Jẹ́ kí fóònù gbóná, kó já sí férémù 15, fífò kan á di 80, a tún padà sídìí ọ̀rọ̀. Mo mọ ọmọ kan tó fowó ra kóòdù "apabọ́ọ̀gì" lọ́wọ́ ẹnì kan nítorí ìṣòro yìí. Nígbà tá a ṣí i wò, ṣe ló kàn dín eré ọta kù sí ìdajì.

Èyí tó rọrùn jù ni kó o gé fífò náà sí wẹ́wẹ́, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju ìdajì táìlì lọ, kó o sì béèrè lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Pixel 60 á di fífò mẹ́rin. Fún géèmù rẹ, ìyẹn tó. Èyí tó péye jù ni ọ̀nà tí John Amanatides àti Andrew Woo kọ sílẹ̀ lọ́dún 1987: láti ibi tí ọta wà, ṣírò èyí tó máa kọ́kọ́ kàn nínú ìlà òró àti ìlà ìbú tó pààlà táìlì, wọ àpótí tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn, béèrè, kó o tún ṣírò. Àpótí kan ṣoṣo kò ní ṣẹ́ kù lẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o lo ọ̀nà ìfàlà ti Bresenham dípò rẹ̀. Ìlà yíyà ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, ó sì máa ń fẹsẹ̀ gé igun: bí ògiri méjì bá fi igun nìkan kanra, ọta á yọ́ gba àárín wọn kọjá.

Ti ọkọ̀, díẹ̀ ni mo máa sọ. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o fi béèrè, bí ọkọ̀ náà kò bá tóbi ju táìlì lọ. Gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ná, béèrè. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, tún béèrè. Bó o bá ṣe méjèèjì pọ̀, á máa há mọ́ ara ògiri dípò kó máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mi ò tíì rí kóòdù rẹ, torí náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìṣe-géèmù ló ń bá ọ gbé ọta, kì í ṣe kóòdù tìrẹ, wo inú ètò rẹ̀ bóyá ohun tó ń ṣọ́ ọta tó ń sáré ti wà níbẹ̀. Kọ́kọ́ dín férémù kù sí 15 lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, kí ìṣòro náà lè máa ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ. Bó bá ṣì ń la ògiri lẹ́yìn tó o ti gé fífò sí wẹ́wẹ́, fi ibi tó ti ń gbé ọta síwájú ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ nìkan o, má fi gbogbo fódà ránṣẹ́.