Kí ni garlic mustard, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń fà á tu nínú igbó Amẹ́ríkà?

Ewéko inú ẹbí mọ́sítádì ni, òun àti kábéèjì jọ tan. Alliaria petiolata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní Yúróòpù, ó máa ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Ọdún kejì ló ń yọ òdòdó funfun kéékèèké. Bí o bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn aáyù ni wàá gbọ́. Ó ṣeé jẹ.

Ti Amẹ́ríkà ló le. Ní 1868 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Long Island, New York, ó sì ti gba igbó púpọ̀ láti ìgbà náà. Ó ń tu èròjà sínú ilẹ̀, èyí tó ń ṣe ìpalára fún àwọn olú tíntìntín tí gbòǹgbò ọ̀pọ̀ igi fi ń rí oúnjẹ. Èyí tó dùn mí jù ni ti labalábá West Virginia white: ó máa ń yé ẹyin sára ewéko yìí, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá jẹ ewé náà ń kú.

Bí o bá fẹ́ fà á tu, má jẹ́ kó so kóró kí o tó ṣe é, kí o sì fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Kóró rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù.