Ẹyin Eṣinṣin Ilẹ̀ Tútù: Ṣé Òtútù Ni àbí Àjogúnbá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní ẹyin eṣinṣin èso ilẹ̀ tútù máa ń tóbi ju ti ilẹ̀ gbígbóná lọ. Mo ń sin oríṣi méjèèjì nínú ìgò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá jíìnì, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ló fà á? – Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹyin àwọn ti òkè Ethiópíà tóbi ju ti Zámbíà lọ, àmọ́ kì í pọ̀ tó ti Zámbíà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òtútù fúnra rẹ̀ ń mú ẹyin tóbi: oríṣi kan náà, tí ẹ bá sìn ín ní dígírì 18, ẹyin rẹ̀ á ju ti dígírì 25 lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sin méjèèjì ní dígírì 25 fún ìran méjì, kí ẹyin inú ìgò kọ̀ọ̀kan má ju 50 lọ. Ẹ má gbé wọn kalẹ̀ sínú yàrá lásán o. Ooru oṣù kẹta l'Ákùúrẹ́ kọjá ṣeréṣeré, bó bá sì ti kan 30, akọ wọn kò ní lè bímọ mọ́.

Ẹ lo abo ọlọ́jọ́ márùn-ún sí méje. Ẹ da ẹyin wákàtí àkọ́kọ́ nù, torí abo a máa dá ẹyin dúró sínú. Ẹ wọn ìyókù lórí ágà (ohun tó dì bí ẹ̀kọ) tó lómi, kí ẹyin tó gbẹ. Ẹyin tó bá ti sunkì ti bàjẹ́ nìyẹn. Gígùn rẹ̀ kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ, ẹ má ka ìwo méjì tó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìbú sọ ìbú fúnra rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 0.524 sọ ọ́ di púpọ̀: bí ẹyin ṣe tóbi tó nìyẹn.

Ní ti mímú oríṣi méjèèjì gun ara wọn kí ẹ lè mọ iṣẹ́ jíìnì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìyá ló ń kọ́ ẹyin: sẹ́ẹ̀lì 15 ló ń bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe èèpo rẹ̀. Bí ẹ bá fún abo ilẹ̀ tútù ní akọ ilẹ̀ gbígbóná, bí ẹyin rẹ̀ ṣe máa tóbi tó ti wà lọ́wọ́ ìyá. Ẹyin àwọn ọmọbìnrin wọn ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ mú oríṣi méjèèjì gun ara wọn lọ́nà méjì, kí ìyá ti tútù wá lẹ́ẹ̀kan, kó ti gbígbóná wá lẹ́ẹ̀kan. Abo tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò tíì pé wákàtí mẹ́jọ tó jáde di eṣinṣin, kí akọ mìíràn má ti gùn ún.

Bí ẹyin àwọn ọmọbìnrin bá wà láàárín ti oríṣi méjèèjì, jíìnì wà níbẹ̀, ẹ má sì retí ẹyọ kan ṣoṣo: ọ̀pọ̀ ni wọ́n, kálukú ń fi díẹ̀ kún un. Bí ọmọbìnrin ọ̀nà kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, kì í ṣe jíìnì inú kókó sẹ́ẹ̀lì (àárín rẹ̀), torí ọgbọọgba ni ọmọbìnrin ọ̀nà méjèèjì gbà á lọ́wọ́ oríṣi méjèèjì. Ohun tí ìyá fi sínú omi sẹ́ẹ̀lì, èyí tó yí kókó náà ká, ni kí ẹ wá.