Èsì: Rousseau mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan, èwo la máa kọ́kọ́ ṣí?

Ẹ kú ìbéèrè o ẹ̀gbọ́n. Wáìnì pupa mẹ́rin tẹ́ ẹ ní yìí, ti Armand Rousseau, ilé iṣẹ́ ìdílé kan tó ń ṣe wáìnì ní Burgundy nílẹ̀ Faransé, ẹ kọ́kọ́ ṣí Gevrey-Chambertin lásán (orúkọ abúlé nìyẹn, oko àjàrà ni àwọn mẹ́ta tó kù ń jẹ́), kó kan Charmes-Chambertin, lẹ́yìn ìyẹn Clos Saint-Jacques, kí Chambertin wá gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé Charmes ni grand cru, ìyẹn ipò oko àjàrà tó ga jù, premier cru, ipò tó tẹ̀ lé e, sì ni Saint-Jacques nínú ìwé, àmọ́ Rousseau fúnra wọn ka Saint-Jacques sí ju Charmes lọ, àgbá igi oak tuntun tí wọ́n ń fi tọ́jú wáìnì rẹ̀ pọ̀ ju ti Charmes, owó rẹ̀ náà sì ga jù ú lọ. Ẹ ṣáà rí i pé ọdún ìkórè kan náà ló wà lára gbogbo ìgò o, torí èso àjàrà pinot noir ni gbogbo ẹ̀, ọwọ́ kan náà ló ṣe é, tí ọdún bá tún bára mu, ilẹ̀ àti àgbá nìkan lẹ máa tọ́ wò, ohun tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ Burgundy nìyẹn.

Ẹ má fi àwọ̀ dá a lẹ́jọ́ rárá, pinot noir kì í sábà dúdú, èèyàn lè ríran gba inú gíláàsì kọjá kí wáìnì ọ̀hún sì lágbára gan-an. Ẹ gbà á sẹ́nu, ẹ má tètè gbé e mì, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń gan èrìgì bí obì, àti bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé e mì. Kó tutù díẹ̀, bíi 15°C. Tí Chambertin yẹn ò bá tíì dàgbà, ẹ fi sílẹ̀ nínú gíláàsì fún bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.