Èsì: Changeover tó ń kùn lára ògiri

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní changeover tó ń dá yí ara rẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀ ń kùn hùn-ùn lára ògiri yàrá yín ní Ṣàgámù, tí kò jẹ́ kí ẹ sùn. Contactor inú rẹ̀ ni, ìyẹn swíìṣì tí òòfà iná ń fà. Iná NEPA ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, irin inú contactor sì ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Ìkùn díẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Tó bá wá ń dún gìrìgìrì, ẹ kọ́kọ́ wọn iná yín. Bí volt 230 bá ti já wálẹ̀ sí 170, coil, ìyẹn wáyà wíwé tó ń di òòfà bí iná bá wọ̀ ọ́, kò ní lè fa irin náà mọ́ra dáadáa. Ẹ má wulẹ̀ tú nǹkan kan. Bí iná bá pé, ó lè jẹ́ eruku ló wà lójú irin, tàbí kí òrùka bàbà kékeré tó wà níbẹ̀ ti sán. Ẹ pa NEPA, jẹnẹrétọ̀ àti inverter pátá kí oníṣẹ́ iná tó ṣí i. Aṣọ gbígbẹ ni kó fi nù ún. Àwọn tó ń ta epo sí i, n kò mọ ẹni tó kọ́ wọn, eruku ni epo ń pè. Òrùka tó bá ti sán, contactor tuntun ni.

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kan changeover mọ́ náà ń sọ ariwo di ńlá bí awọ ìlù. Ẹ ní kó fi rọ́bà sáàárín.