Mẹ́ta nínú márùn-ún kì í ṣe máàkì ìdánwò

Ìbéèrè: Okun o. Tíṣà ni mí ní Kàbà. Ọmọ mi ọkùnrin ń kàwé ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ ṣe síkì, ìyẹn kí wọ́n de pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n sì máa yọ̀ lórí sínóò (omi dídì funfun tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run), ní Alpe d'Huez, abúlé kan lórí òkè Alps, lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ó fi àwòrán ohun tí fóònù rẹ̀ kọ nípa ojú ọjọ́ ibẹ̀ ránṣẹ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀, àmọ́ ńṣe ló tún dà mí lọ́kàn rú: sínóò 70 nísàlẹ̀, 190 lókè, sínóò tuntun 30, dígírì 0 ní mítà 1,900, atẹ́gùn 40, ewu 3/5. Ó ní 3/5 ò burú, pé ó ju ìdajì lọ. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Okun o, màmá. Ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ẹ pè é kó tó gbéra, torí 3/5 tó ń kà bíi máàkì yẹn kì í ṣe máàkì rárá. Màá débẹ̀. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mò ń ṣe, Ìsánlú ni wọ́n sì bí mi sí.

Ẹ má fi sínóò wé yìnyín tó máa ń han páànù wa léèmọ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Yìnyín le bí òkúta. Sínóò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ fúyẹ́ bí òwú. 70 àti 190 ni iye sẹ̀ǹtímítà tó ga tó nílẹ̀, ní abúlé àti lórí òkè. Òun ni gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ wò, àmọ́ lójú tèmi, kò wúlò tó àwọn nọ́ńbà tó kù. Tó bá ti tó láti bo òkúta mọ́lẹ̀, ó parí. 30 tuntun yẹn ló máa ń wu àwọn ọ̀dọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ, omi rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ.

Bẹ́ ẹ bá ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń pọ̀ sí i: nǹkan bíi dígírì mẹ́fà ààbọ̀ ló ń lọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Abúlé Alpe d'Huez wà ní mítà 1,860. Pic Blanc, níbi tí ọkọ̀ orí wáyà ń gbé wọn lọ, jẹ́ 3,330. Tó bá jẹ́ òdo ni abúlé, á ti tó dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo lókè. Ẹ wá fi atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan kún un, ara á máa gbà á bíi 21 sísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ tá à ń torí ẹ̀ dáná yá láàárọ̀, ooru ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, òtútù abúlé ni mo wò kí n tó wọṣọ. Mi ò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù mi mọ́ nígbà tí mo fi délẹ̀.

Dígírì 0 ní mítà 1,900 túmọ̀ sí pé omi ń dì látibẹ̀ lọ sókè. Sínóò ṣì lè bọ́ ní bíi igba sí ọ̀ọ́dúnrún mítà nísàlẹ̀ ìlà yẹn kó tó yọ́ di òjò. Lọ́jọ́ tí ìlà náà bá gùn dé 2,500, òjò ni yóò máa rọ̀ sórí sínóò abúlé, síkì ọjọ́ náà ò ní dùn.

Ó kan 3/5 wàyí. Ìwọ̀n ewu kí sínóò ya láti ẹ̀gbẹ́ òkè kó sì gbé èèyàn lọ ni. Gbogbo Yúróòpù ló ń lò ó, láti 1 dé 5. Kí ẹ lè rí i: ẹ da gàrí gbígbẹ sórí àtẹ, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ wá máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Pákó ò ní mira. Ẹ fi ìka kàn án péré, á yọ̀ lọ gbirigbiri. Bó ṣe rí lórí òkè nìyẹn. Lálẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ tí òtútù mú gan-an, sínóò tín-ínrín tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń di hóró-hóró tí kò lẹ̀ mọ́ra, bíi gàrí yẹn gan-an. Atẹ́gùn á wá kó sínóò tuntun láti ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ́ sí lọ dà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì le pọ̀ bíi pákó. Ọmọ tó ń ṣe síkì ni ìka. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí sínóò tó ya bẹ́ẹ̀ pa, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ lọ ló já a. Lórílẹ̀-èdè Switzerland, nǹkan bí ìdajì wọn ló kú lọ́jọ́ tí nọ́ńbà jẹ́ 3, torí tó bá di 4, ẹ̀rù ń ba kálukú, wọ́n á jókòó sílé.

Ọmọ yín ní 30 tuntun, ó ní atẹ́gùn, ó ní 3. Ojúmọ́ tí oòrùn bá yọ lẹ́yìn irú sínóò àti atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń rẹwà jù, òun náà ló sì léwu jù.

Kí ló dé tí mo fi ní kó lọ? Ìta ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí ni nọ́ńbà yẹn ń bá wí. Nínú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fi àdó olóró já sínóò tó bá fẹ́ wó kí wọ́n tó ṣí i láàárọ̀, wọ́n sì ń ti ibi tí kò bá dá wọn lójú. Nílẹ̀ Faransé, ọ̀nà aláwọ̀ ewé ló rọrùn jù, lẹ́yìn náà búlúù, pupa, dúdú. Kó máa bá ewé àti búlúù lọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá ní “ẹ jẹ́ ká gba ibi tí ẹsẹ̀ kankan ò tíì tẹ̀”, kó dá a lóhùn pé ìyá òun ò gbà.

Kó ra ìpara oòrùn àti jígí dúdú. Sínóò tuntun lè dá bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìtànṣán tó ń jó ara padà sókè, awọ dúdú náà sì ń jóná. Bó bá sì rí sínóò tó pọ́n bí ilẹ̀ Kàbà, kó má ya á lẹ́nu: eruku Sàhárà, ìbátan èyí tí ọyẹ́ ń kó wá bá wa, máa ń dé òkè Alps nígbà mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ó sọ ojú ọ̀run ibẹ̀ di àwọ̀ ọsàn. Sínóò tó bá mu eruku yẹn máa ń gba oòrùn sára, ó sì tètè ń yọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé nọ́ńbà ewu ti ọjọ́ kejì jáde. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ sí yín yẹn, ti ọjọ́ wo ni? Ẹ ní kó ya òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wọn.