Kí ló dé tí àwa tí a ń gbé Àbújá kì í dìbò yan gómìnà?

Nítorí pé Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 gbé iṣẹ́ gómìnà ibẹ̀ lé Ààrẹ lọ́wọ́, Ààrẹ sì máa ń yan mínísítà tí yóò bá a ṣe é. Mínísítà yìí náà ló ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ níbẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ìbá ṣe fún wa, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣe é.

Yàtọ̀ sí Ààrẹ, àwọn tí à ń dìbò fún ni sẹ́nétọ̀ 1, aṣojúṣòfin 2, àti alága pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ ní káńsù 6: ti àárín ìlú, Bwari, Kuje, Kwali, Gwagwalada àti Abaji. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló dábàá Àbújá, kí olú-ìlú lè jẹ́ ti gbogbo wa. Ìjọba Murtala Muhammed fi òfin gbé e kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ilẹ̀ náà kò ṣófo. Àwọn Gbagyi, tí obìnrin wọn máa ń gbé ẹrù lé èjìká dípò orí, ti ń dáko níbẹ̀. Àwọn náà ò ní gómìnà títí dòní.

Bí o bá sì ti forúkọ ìdìbò sílẹ̀ ní Nyanya l'Àbújá, má retí àtidìbò gómìnà Ọ̀yọ́ o. Àfi kí o gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ padà sí Ọ̀yọ́.